Ogún báàgì kajú tí kò sí níbì kankan

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ojú ló ń tì mí díẹ̀ torí ọwọ́ tèmi náà wà nínú ẹ̀, èmi ni sẹ́kítírì ẹgbẹ́. Àmọ́ àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jà ti fi iyọ̀ àti ata sí i, ẹnì kan ní Mopa sọ ọ́ lójú mi pé òun gbọ́ pé kọ̀ǹpútà jí owó ẹgbẹ́ wa gbé sá lọ. Kọ̀ǹpútà ò jí kọ́bọ̀ gbé. Ká ní olè ni, ì bá tiẹ̀ sàn fún mi, torí tó bá jẹ́ olè, à bá kàn máa wá olè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ kajú ni wá, èèyàn 86, láti Isanlu níbí títí dé ẹ̀bá Mopa. Ẹni tó bá mọ Yàgbà mọ̀ pé láti Fẹ́búárì títí wọ Méè, kajú ni gbogbo nǹkan, owó ilé ìwé, owó ìsìnkú, owó páànù, orí kajú ni gbogbo ẹ̀ wà. Láyé ìjelòó, àwọn tó ń ra kajú a máa wọ oko wá bá èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òṣùwọ̀n tiwọn, òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé tí o bá gbé ọgọ́rin kílò lé e, á ní àádọ́rin ni. Ìdí nìyẹn tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kóówá á kó kajú ẹ̀ wá sí sítọ̀ ẹgbẹ́, a ó wọ̀n ọ́n, a ó sanwó fún un, tó bá ti pọ̀ a ó tà á pa pọ̀ fún àwọn ńlá tó ń wá láti Ìlọrin.

Ìwé gígùn kan báyìí ni mo fi ń kọ gbogbo ẹ̀. Tíṣà ni mí, tí mo bá ti ilé ìwé dé ni màá tó máa ka mẹ́sééjì WhatsApp, tí kajú bá gbóná ó lè tó ọgọ́ta lóòjọ́, "sẹ́kítírì mo gbé báàgì 3 wá", "sẹ́kítírì owó mi ò tíì wọlé", "sẹ́kítírì ṣé ẹ sùn ni". Màá máa kọ ọ́ títí di aago mọ́kànlá òru. Ìyàwó mi ní kí n kúkú lọ fẹ́ kajú.

Ní Jánúárì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Lọ́kọ́ja wá kí wa, ó rí mi bí mo ṣe ń fi ojú tó ti pọ́n kọ nǹkan, ó ní "Ọ́ńkù, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe éjẹ́ǹtì kan." Mo ní kí ló ń jẹ́ éjẹ́ǹtì, ṣé èyí tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ tó ń dáhùn yẹn ni. Ó ní rárá, ìyẹn ẹnu nìkan ló ní, tó bá ṣì í sọ, èèyàn á rẹ́rìn-ín tàbí kó bú u, ó tán. Éjẹ́ǹtì ní ọwọ́. Ó so ó mọ́ WhatsApp ẹgbẹ́, ó so ó mọ́ ìwé ìṣirò, ó so ó mọ́ áàpù tí a fi ń sanwó. Á ka mẹ́sééjì, á mọ̀ pé lágbájá gbé báàgì báyìí wá, á ṣírò owó ẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi owó ránṣẹ́, tí ẹni tó ń ra kajú bá sì béèrè iye tó wà nílẹ̀, á dá a lóhùn, á dá ọjọ́ fún un. Akọ̀wé Kékeré la sọ ọ́ lórúkọ. Mo sùn ní aago mẹ́sàn-án lálẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti di sẹ́kítírì.

A ò sì ya òmùgọ̀ o, ibi tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ nìyí. A mọ̀ pé a ò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ná owó ẹgbẹ́ bó ṣe wù ú. A fi Ìyá Akápò síbẹ̀. Owó kankan ò gbọdọ̀ jáde àfi tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Akọ̀wé Kékeré á fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí fóònù wọn pé kí òun sanwó fún ẹni báyìí, iye báyìí, tẹ 1 fún bẹ́ẹ̀ ni, tẹ 2 fún rárá.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Ìyá Akápò ń pe àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, wọ́n ń pe Bàbá Sítọ̀, wọ́n ń wádìí kí wọ́n tó tẹ nǹkan kan. Wọn ò rí àṣìṣe kankan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, nínú mẹ́wàá wọ́n ń pe mẹ́ta. Nígbà tí Fẹ́búárì fi máa parí, wọ́n ti tẹ 1 ju 300 ìgbà lọ, wọn ò tíì tẹ 2 rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nǹkan tó ti tọ̀nà nígbà 300, ojú wo lẹ̀yin máa fi wo èyí tó bá tún dé? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé owó ń pẹ́ jù, Ìyá Akápò wà ní ọjà, Ìyá Akápò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni Alága bá ní ká fún ẹ̀rọ láyè, èyí tí kò bá ti tó ₦200,000 kó má wulẹ̀ béèrè mọ́. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Àmì kan ti wà nílẹ̀ tí a ò kà sí. Obìnrin àgbàlagbà kan nínú wa, tí kì í kọ̀wé, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, ohùn Yàgbà pọ́nńbélé, kì í ṣe Yorùbá rédíò. Akọ̀wé Kékeré ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó dáhùn pé "ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un sọ", wọ́n tún un sọ bákan náà, ó tún ní ẹ tún un sọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni owó báàgì méjì wọn fi wà nílẹ̀, tí wọ́n rò pé èmi ni mo ń fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Mo sanwó fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì gbàgbé ẹ̀. Kò yẹ kí n gbàgbé ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan ní Máàṣì.

Àwa mélòó kan ti pàdé ní Sunday tó ṣáájú, lẹ́yìn ìsìn, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé Alága, a fẹnu kò pé kí bàbá kan nínú wa bá wa ra oògùn tí a ń fọ́n sí kajú tí wọ́n bá dé Kabba, kí wọ́n fi owó ara wọn rà á ná, a ó san án padà. Ẹnu la fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú 52 lálẹ́ Jímọ̀ọ̀, bàbá kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, mo dà á kọ bó ṣe rí:

"E kaale o. Mo ti gbe ogun kaju wa o, o ti wa ni sito, e ba mi san owo mi o, e se"

Ẹ̀yin náà kà á. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ máńgòrò yẹn mọ̀ pé oògùn ni. Ta ló tún ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, àfi àwa tíṣà, àwa náà kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà. O-g-u-n lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ ogun tí wọ́n ń jà, ó lè jẹ́ Ògún lákáayé, ó lè jẹ́ ogún tí bàbá ẹni fi sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ogún tí í ṣe ìlọ́po méjì mẹ́wàá. Akọ̀wé Kékeré mú ogún. Ogún kajú, ó ti wà ní sítọ̀, ẹ san owó mi. Kò sì sí ohun tó lè mú un rò ó sí nǹkan míì, torí láti Jánúárì tó ti ń ka ọ̀rọ̀ wa, nǹkan tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ ò ju báàgì, kílò àti owó lọ. Ọ̀rọ̀ abẹ́ máńgòrò ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ó ṣírò ẹ̀ dáadáa. Báàgì 20, ọgọ́rin kílò báàgì kan, ìyẹn 1,600 kílò, ₦1,500 la ń ra kílò lọ́sẹ̀ yẹn, ₦2,400,000. Owó tí bàbá ná ní Kabba jẹ́ ₦28,500.

Iye yẹn ti ju ₦200,000, ó béèrè. Ìyá Akápò wà ní Egbe, níbi àìsùn ìyá ọ̀rẹ́ wọn, orin ń lọ, wọ́n fi ọwọ́ kan di abẹ̀bẹ̀ mú, fóònù wà ní ìkejì, mẹ́sééjì Akọ̀wé Kékeré kẹsàn-án tó wọlé nírọ̀lẹ́ yẹn nìyẹn. Ohun tí wọ́n rí nìyí: "Sanwó kajú, báàgì 20, ₦2,400,000. Tẹ 1 tàbí 2." Orúkọ bàbá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá fọwọ́ ara wọn kọ ò sí níbẹ̀. Wọ́n tẹ 1.

Oko bàbá yẹn, tó bá jẹ́ ọdún dáadáa, báàgì mẹ́fà ni. Ìyẹn fún odidi àkókò kajú. Ó wà nínú ìwé ìṣirò tí ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ń kọ, ti ọdún tó kọjá náà wà níbẹ̀, èmi ni mo kó o sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó wò ó, kò sì wò ó.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dúró sí, à bá rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ká rẹ́rìn-ín, ká gba owó padà. Àmọ́ ẹ rántí pé mo ní ó ní ọwọ́. Bó ṣe sanwó tán ló kọ báàgì 20 sí iye tó wà ní sítọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ jẹ́ 48, ó wá di 68 nínú ìwé. Láàárọ̀ Sátidé ẹni tó ń ra kajú lọ́wọ́ wa ní Ìlọrin kọ̀wé pé báàgì mélòó ló wà nílẹ̀, tí kò bá tó 60 òun ò ní lè gbé lọ́rì wá torí dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n. Akọ̀wé Kékeré ní 68 ló wà. Ọkùnrin náà ní ó dáa, Mọ́ńdè. Akọ̀wé Kékeré ní ẹ máa bọ̀ sà.

Ibi tí ojú ti ń tì mí nìyí. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ṣí fóònù, mo rí i. Mo rí 68. Inú mi dùn. Mo ní ah, ọdún yìí á dáa o. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sùn.

Lọ́rì wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Egbe ni awakọ̀ sùn, torí kò sẹ́ni tó ń fi òru rìn lọ́nà yẹn mọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ọmu-Aran bọ̀ nílé mọ ìdí ẹ̀, àtihò, àti àwọn ajínigbé. Ojú ẹ̀ ti pọ́n kó tó dé. Wọ́n pè mí ní ilé ìwé pé kí n wá, wọ́n ń jà ní sítọ̀.

Kí n ṣàpèjúwe Bàbá Sítọ̀ fún yín. Wọ́n ti kọjá àádọ́rin ọdún, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni wọ́n ní, rédíò ni wọ́n fi ń gbọ́. Wọn ò sí lórí WhatsApp kankan. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń lò, èmi ni mo máa ń bá wọn mú àjẹkù ṣọ́ọ̀kì bọ̀ láti kíláàsì. Tí báàgì kan bá wọlé, wọ́n á fa ìlà kan sára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ìlà bá di mẹ́rin, ìkarùn-ún á dábùú wọn bí igi tí wọ́n fi de ìdì igi ìdáná. Tí a bá ta kajú, wọ́n á fi àkísà tútù nu èyí tó lọ. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé éjẹ́ǹtì wá, ó ní ká sọ fún bàbá kí wọ́n máa sinmi ìlà fífà yẹn, kò wúlò mọ́. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò fi í sílẹ̀.

Mo bá wọn níwájú ògiri yẹn, awakọ̀ lọ́tùn-ún, ọmọọṣẹ́ ẹ̀ lósì, bàbá ń fi ìka kà á fún wọn, ìdì mẹ́sàn-án àti ìlà mẹ́ta. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní "Tíṣà, wá. Ta ló gbé ogún báàgì wọlé tí èmi ò rí? Ṣé afẹ́fẹ́ ni?" Mo ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà bàbá. Wọ́n ní kí n lọ kó o jáde nínú kọ̀ǹpútà kí awakọ̀ gbé e.

Ká máà fa ọ̀rọ̀ gùn lórí bí a ṣe wá owó. Nọ́ńbà àkáǹtì tí bàbá olóògùn (gbogbo ìlú ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ báyìí, inú wọn ò sì dùn sí i) fún ẹgbẹ́, orí fóònù ọmọ wọn tó wà ní Abuja ni alẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń wọlé sí. Ọmọ rí ₦2,400,000, ó rò pé bàbá òun ta kajú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó yọ ₦450,000 san owó ilé. Bàbá fúnra wọn ò mọ nǹkan kan, wọ́n tún ń bínú pé a ò tíì san owó oògùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abuja lọ́jọ́ kejì, wọn ò bá ọmọ sọ ọ́ lórí fóònù. A yọ owó oògùn bàbá, ₦1,921,500 padà wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Nínú ₦450,000 tó ná, ọmọ ti san ₦300,000, ó ku ₦150,000. A san ₦85,000 fún awakọ̀ nítorí pé a mú un rìn lásán, ẹni tó ń ra kajú sì gbé 48 yẹn ní iye tó wù ú, torí ó mọ̀ pé a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Mítìǹgì tí a ṣe lórí ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Àwọn àgbà ní ká lọ ju ẹ̀rọ náà sínú odò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Lọ́kọ́ja, ara ẹ̀ ń gbóná, ó ní ẹ̀rọ ò ṣẹ̀, ó béèrè, èèyàn ló fọwọ́ sí i. Ó fi fóònù hàn, ẹ wò ó, 1 rèé. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Akápò. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní "Ọmọ mi, kí ló fi hàn mí? Ṣé ó fi ọ̀rọ̀ bàbá hàn mí? Ìdájọ́ ló gbé wá fún mi, kò gbé ẹjọ́ wá. Ẹni tí wọn ò gbé ẹjọ́ fún, kí lẹ ní kó fọwọ́ sí?"

Ilé dákẹ́.

Ọmọ náà ò fẹ́ gbà, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan láti fi hàn pé èèyàn tó bá wà nídìí ẹ̀rọ ló yẹ kó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ìtàn náà dùn o. Ó ní ní 26 Sẹ́pútẹ́ńbà 1983, ọ̀gá sójà kan tó ń jẹ́ Stanislav Petrov wà lẹ́nu iṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún Soviet Union. Ẹ̀rọ pariwo pé Amẹ́ríkà ti ju mísáìlì kan sí wọn, kò pẹ́ ó ní ó ti di márùn-ún. Ogun gidi rèé, kì í ṣe ogún. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbé e lọ sókè fún àwọn ọ̀gá ẹ̀ pé wọ́n ti kọlu ilẹ̀ wọn. Ó wò ó, ó ní ta ló máa bẹ̀rẹ̀ irú ogun yẹn pẹ̀lú mísáìlì márùn-ún péré, rédà ilẹ̀ ò sì rí nǹkan kan, ẹ̀rọ sátẹ́láìtì yìí náà ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún wọn pé irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa. Irọ́ náà ni, oòrùn ló ń tàn lára kùrukùru tí sátẹ́láìtì fi rò pé iná mísáìlì ni.

Ìyá Akápò gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní "Ọkùnrin yẹn gbìyànjú. Ṣé àìsùn lòun náà wà nígbà tó ń wo ẹ̀rọ ọ̀hún?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Petrov ní lóru ọjọ́ yẹn, kó wò. Wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan tó ń wò, ó mọ bí ogun gidi ṣe máa rí, ohun tí ẹ̀rọ ń rò wà níwájú ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí rédà ń sọ, ó lè fi èkíní wé èkejì. Àwa mú obìnrin tó ń ta aṣọ lọ́jà, a fi 1 àti 2 lé e lọ́wọ́, a ní òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ.

Mo tún ka ti ọkọ̀ tó ń wa ara ẹ̀ ní Tempe, ní Arizona, 18 Máàṣì 2018. Iléeṣẹ́ Uber ló ń dán an wò. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá títì lálẹ́, ọkọ̀ yẹn ti rí nǹkan kan níwájú ní ìṣẹ́jú àáyá 5.6 kó tó kọlù ú, kò dá a mọ̀ pé èèyàn ni títí ó fi gbá a, obìnrin náà kú. Ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ o, wọ́n fi í síbẹ̀ kó lè tẹ búréèkì, ojú ẹ̀ wà lórí fóònù. Àwọn tó ṣèwádìí fún ìjọba Amẹ́ríkà ní kò wo títì, wọ́n sì tún ní iléeṣẹ́ náà ò ṣètò tó tó nípa bí ọkàn ẹni tó ń ṣọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń balẹ̀ jù. Ẹ wá wò ó, ní 2023 ẹni tó jókòó níbẹ̀ ló lọ gba ẹ̀bi ní kóòtù. Wọn ò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan iléeṣẹ́. Mo ka ibẹ̀, mo rántí bí gbogbo ojú ṣe yí sí Ìyá Akápò, mo pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kò séwu, pé kí n kàn má tún gbé ẹ̀rọ ọ̀hún lé àwọn lórí bí ẹni di ẹrù afọ́jú.

Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ ọ́ sínú òfin AI (irú ẹ̀rọ bí Akọ̀wé Kékeré) tí wọ́n ṣe ní 2024, abala 14, pé AI tí ewu ẹ̀ bá pọ̀, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó lè ṣe àti ibi tó kù sí, kó lè kọ ohun tó bá sọ, kó lè dá a dúró, kí ó sì máa rántí pé èèyàn a máa gba ẹ̀rọ gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Òfin yẹn ò dé Isanlu, kajú wa ò sì sí lára ohun tí wọ́n kà sí ewu. Èyí tó kàn wá ni ti Nàìjíríà, òfin ààbò dátà 2023, abala 37 ẹ̀, pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n má fi ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu tó máa kàn án gidi, ó sì lè ní òun fẹ́ kí èèyàn dá sí i. Nígbà tí mo ka ìyẹn, kì í ṣe ogún báàgì ni mo rántí, ìyá olóhùn Yàgbà yẹn ni, ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ ń sọ fún wọn pé ẹ tún un sọ, tí kò sí ọ̀nà kankan tí wọ́n lè gbà sọ pé mo fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀.

A ò ju Akọ̀wé Kékeré sódò. Mo ta kò ó, torí mi ò fẹ́ padà sí aago mọ́kànlá òru, kí n sọ òótọ́. Àmọ́ a gé ọwọ́ ẹ̀ kúrú. Kò lè fi nǹkan kan kún iye kajú nílẹ̀ mọ́, Bàbá Sítọ̀ ló ń pè mí, èmi ni mò ń kọ ọ́, tí ìlà ara ògiri àti owó tó fẹ́ san ò bá bára mu, kò ní lè san án. Kò lè ṣèlérí kankan fún ẹni tó ń ra kajú, ó lè kọ èsì sílẹ̀, Alága ló máa fi ránṣẹ́. Mẹ́sééjì tó ń wá sọ́dọ̀ Ìyá Akápò ti yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ hàn, bó ṣe kọ ọ́ gan-an, lẹ́yìn náà ohun tí ẹ̀rọ rò pé ó túmọ̀ sí, lẹ́yìn náà iye báàgì tí ẹni yẹn gbé wá lọ́dún tó kọjá. Kò sì sí 1 àti 2 mọ́, iye owó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn tẹ̀. Ó ń pẹ́. Àwọn kan ń kùn. A ní kí wọ́n máa kùn. Ẹni mẹ́ta nínú wa ló lè kọ "DÚRÓ" sórí WhatsApp, gbogbo nǹkan á sì dúró títí a ó fi rí ara wa. A ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìkan jẹ́ ìjayà lásán, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Ohun kan tí mo kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú ni pé wọ́n a máa fi àwòrán ìbọn tí kò sí níbẹ̀ há àárín àwòrán báàgì èrò, kí ojú ẹni tó ń wo ẹ̀rọ má bàa kú. Èmi náà ń ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ màá fi ẹyọ kan tí kò tọ̀nà sínú ẹ̀, owó ò ní jáde, ṣùgbọ́n Ìyá Akápò ò mọ ọjọ́ tí mo máa ṣe é. Nínú mẹ́sàn-án tí mo ti fi dán wọn wò, wọ́n mú méje. Méjèèjì tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ọjọ́ ọjà ni. A ti wá pinnu pé lọ́jọ́ ọjà ẹnikẹ́ni ò ní gbowó, ká dúró di ọjọ́ kejì.

Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ọ́ pé Bàbá Sítọ̀ gbé báàgì méje wá, bàbá tí kò ní igi kajú kan ṣoṣo. Ìyá Akápò pè mí ní aago mẹ́fà àárọ̀, wọn ò kí mi. "Tíṣà, ojú ẹ ò ní dáa. Bàbá yìí gbin kajú sí orí wọn ni?" Bàbá Sítọ̀ gbọ́ nípa ẹ̀, wọ́n ní kí n má fi orúkọ àwọn ṣeré mọ́. Alága sì fẹ́ kun sítọ̀ ní ọ̀dà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹ lè kun ìta, ẹ lè kun òkè, ògiri ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò ní gba ọ̀dà. Wọ́n tún ní ṣọ́ọ̀kì ti tán, kí n mú méjì bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n má mú aláwọ̀ búlúù wá, kì í hàn.